Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ MLSCN: Ẹ Gba Ẹ̀jẹ̀ Wa Lọ́wọ́ Táìlì Funfun, Ẹ Jẹ́ Kí Òòfà Bá Wa Dá Sí I

Sí Ọ̀gá Àgbà àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ Medical Laboratory Science Council of Nigeria (MLSCN), àjọ tó ń mójú tó àwọn láàbù ìṣègùn, Abuja.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín, mo sì ti fi ti Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Èyí tí mo kọ ní Yorùbá, gbangba ni mo fẹ́ kó wà, torí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ará wa tó ń gbé Nyanya, Mararaba, Kubwa, Lugbe títí dé Gwagwalada wà lára èyí tí àwa òṣìṣẹ́ láàbù ń kán sórí táìlì funfun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀rọ̀ wọn ni, kò yẹ ká máa sọ ọ́ lẹ́yìn wọn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju méjì lọ. Mo fẹ́ kí ẹ pàṣẹ pé láàbù kankan ò gbọdọ̀ tún gbára lé àyẹ̀wò Widal orí táìlì, tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n wá kọ ọ́ fún aláìsàn pé tífọ́ọ̀dù ló ń ṣe é. Mo sì fẹ́ kí ẹ mú àwọn àyẹ̀wò tó ń lo bíìdì òòfà, ìyẹn hóró kéékèèké tí mágnẹ́ẹ̀tì ń fà, kí ẹ fi ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn tiwa dán wọn wò, kí ẹ wá sọ fún gbogbo wa èyí tó ṣe é gbára lé nínú wọn. Òfin 2003 tó dá yín sílẹ̀ fún yín láṣẹ lórí rìéjẹ́ǹtì, ìyẹn èròjà inú ìgò tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò: ṣíṣe é, kíkó o wọ̀lú, títà á, àti títọ́jú rẹ̀ pamọ́. Kò sí ilé mìíràn tí ǹ bá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ.

Ẹ̀yin mọ Widal ju èmi lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka èyí lórí fóònù rẹ̀ ní ọkọ̀ Nyanya lè má mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ òun ṣe. Ní 1896, Fernand Widal ní Paris fi hàn pé omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí tífọ́ọ̀dù ń bá jà máa ń mú kí bakitéríà tífọ́ọ̀dù so mọ́ra wọn. Ọdún yẹn kan náà ni Gruber àti Durham rí irú ìsomọ́ra bẹ́ẹ̀ ní Vienna. Orí ìpìlẹ̀ yẹn la ṣì wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé bakitéríà là ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Rárá o. Bakitéríà wà nínú ìgò tiwa, òkú bakitéríà tí wọ́n ti pa, tí wọ́n sì ti pa láró. Ohun tí à ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni àńtíbọ́dì, èròjà tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe láti fi gbógun ti àrùn. Tí àńtíbọ́dì bá wà níbẹ̀, á so òkú bakitéríà inú ìgò wa pọ̀, àwa á sì rí i pé ó dì.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó kán omi ẹ̀jẹ̀ sínú òbìrí tó wà lórí táìlì, a ó kán rìéjẹ́ǹtì tẹ̀ lé e, aláwọ̀ búlúù fún O tó jẹ́ ara bakitéríà náà, aláwọ̀ pupa fún H tó jẹ́ ìrù tó fi ń lúwẹ̀ẹ́. A ó fi igi pẹ́ńpẹ́ rò ó pọ̀, a ó gbé táìlì náà, a ó máa fì í sọ́tùn-ún sósì fún bí ìṣẹ́jú kan. Tó bá kúnná, kò sí nǹkan. Tó bá ṣe wóró-wóró, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dì. Ojú lásán la fi ń wò ó. Bí ẹni tó ń ṣe é bá yà síbì kan láti gbé fóònù, omi orí táìlì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ létí, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ ìlú yìí ń la ètè èèyàn, ohun tó gbẹ létí yẹn á sì dà bíi wóró-wóró. Bí iná ò bá mọ́lẹ̀, ojú á ṣe wọ́n-wọ̀n. Bí a bá fi èèyàn méjì síwájú táìlì kan náà, ẹnì kan á pè é ní 1/80, ẹnì kejì á pè é ní 1/160, àwọn méjèèjì á sì búra. Bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yẹn bá ṣe pọ̀ tó, la ń sọ pé àńtíbọ́dì ṣe pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìgò náà kún un. Ara rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kó wà láàárín 2 sí 8 °C. Ẹ wọ láàbù àdúgbò kan ní ọ̀sán tí NEPA ti mú iná lọ láti òru, ẹ ṣí fíríìjì, ẹ ó bá ìgò Widal láàárín piọ́ wọ́tà àti màlútì, gbogbo wọn á sì gbóná lọ́wọ́. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tó ń ṣe àbẹ̀wò láàbù ti rí jùyẹn lọ.

Ká tiẹ̀ ní ojú ríran dáadáa, ká ní ìgò náà tutù, ìṣòro tó tóbi jù ṣì wà níbẹ̀. Bakitéríà inú ìgò O ò ní èròjà kan ṣoṣo lára. Ó ní èyí tí a mọ̀ sí O9, ó ní O12, O12 yìí sì wà lára àwọn Salmonella mìíràn, ìyẹn àwọn ìbátan bakitéríà tífọ́ọ̀dù, tí kì í ṣe tífọ́ọ̀dù rárá. Àńtíbọ́dì tí ara ṣe sí àwọn yẹn lè so èyí tó wà nínú ìgò. Ibà lásán (malaria) lè dà á rú. Ẹni tí tífọ́ọ̀dù ti ṣe rí, àńtíbọ́dì rẹ̀ lè wà lára fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tó ti gbádùn. Ìdí nìyẹn tí ìwé iṣẹ́ wa fi sọ pé kí a gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá wà láàárín wọn, ká wò ó bóyá ó ń gòkè. Ta ló ń padà wá? Ẹni tó san owó ọkọ̀ láti Karu wá síbí, tí ara rẹ̀ ń gbóná, èsì ló fẹ́ gbà lọ lónìí, kó kọjá sí kẹ́mísìtì.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ní Mararaba wá bá mi pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kan. Ìwé èsì láti oríṣiríṣi láàbù ló kún inú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ bá mi wò ó, tífọ́ọ̀dù mi yìí ò lọ o. Wọ́n ní ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ mi." Mo tú ìwé náà sórí tábìlì. 1/160, 1/80, 1/160, 1/320, 1/160. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á fún un ní síípírò. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò láti gbìn ín rí. Ó ní, "Gbìn ín bí àgbàdo?" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò pa mí lẹ́rìn-ín dé inú. Gbígbin ẹ̀jẹ̀ ni pé kí a jẹ́ kí bakitéríà tó wà láàyè nínú rẹ̀ hù, ká lè rí i. Ohun tí wọ́n ń tọ́jú fún ìyá náà ni àńtíbọ́dì, kò sì sí oògùn tó ń pa àńtíbọ́dì.

Níhìn-ín ní apá Òkè Ọya, ewu rẹ̀ tún lé sí i. Ìlú Lassa ní Borno ni ibà Lassa ti gba orúkọ ní 1969, kò sì tíì fi wá sílẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó jọ ibà, ó jọ tífọ́ọ̀dù, ó jọ gbogbo nǹkan. Bí táìlì bá sọ pé 1/160, tí dókítà sì gbà á gbọ́, ọjọ́ tó yẹ ká fi wá Lassa ti lọ nìyẹn, nọ́ọ̀sì tó ń mú aláìsàn náà sì wà nínú ewu. Ti bakitéríà brucella náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń mu nọ́nọ̀ tí wọn ò sè, tàbí tó ń bá màlúù ṣiṣẹ́, ibà rẹ̀ lè máa lọ, kó máa bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, ká máa pè é ní tífọ́ọ̀dù tí kò gbóògùn. À ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa lápálápá.

Kí ẹnikẹ́ni má wá fi ọ̀rọ̀ mi sọ pé tífọ́ọ̀dù ò sí o. Ó wà dáadáa. Àwọn olùwádìí tó gbin ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ní Abuja àti Kano láàárín 2008 sí 2015 bá bakitéríà tífọ́ọ̀dù níbẹ̀, láàyè, nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Kànga wa ṣì sún mọ́ ṣáláńgá. Nítorí pé ó wà ní tòótọ́ ló ṣe yẹ ká mọ ẹni tó ní in yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní in. Ẹ sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sindh ní Pakistan láti 2016: tífọ́ọ̀dù kan jáde tí kò gbọ́ ti oògùn chloramphenicol, kò gbọ́ ti síípírò, kò gbọ́ ti ceftriaxone tí à ń gún. Abẹ́rẹ́ tí a gún ìyá ẹlẹ́wà yẹn lásán, irú rẹ̀ ló ń kọ́ bakitéríà lọ́gbọ́n.

Ó wá kan òòfà.

Ẹni tó bá ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní ọjà Wuse á ti rí i: píìnì dà sílẹ̀ láàárín ègé aṣọ, télọ̀ ò bẹ̀rẹ̀ máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mágnẹ́ẹ̀tì ló gbé gba ibẹ̀. Píìnì bá a lọ, ègé aṣọ dúró. Iṣẹ́ tí bíìdì òòfà ń ṣe nínú omi ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú bíìdì yìí wà láàárín máíkírọ́ọ̀nù kan sí márùn-ún. Ẹ to 200 nínú èyí tó tóbi jù síra wọn, kò ju mìlímítà kan lọ. Ike ni ara rẹ̀, hóró irin tó ti dípẹtà ló wà nínú rẹ̀. Irin tí a mọ̀, bí òòfà bá ti fà á pẹ́, òun náà á di òòfà, á máa lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn hóró inú bíìdì yìí kéré débi pé wọn kì í pa agbára òòfà mọ́. Ẹ gbé mágnẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ìgò, gbogbo wọn á rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gbé e kúrò, wọ́n á tún tú ká sínú omi bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. John Ugelstad ní Trondheim, ní Norway, rí ọgbọ́n ṣíṣe bíìdì ike tí gbogbo rẹ̀ dọ́gba ní 1976, ara rẹ̀ ni wọ́n wá fi irin sí lẹ́yìn náà.

Ní ti àyẹ̀wò tó ń lo bakitéríà, ẹ fojú inú wò ó. Dípò ká da odidi òkú bakitéríà sórí táìlì pẹ̀lú gbogbo èròjà ara rẹ̀, a ó yọ èyí tí a fẹ́ lára rẹ̀, a ó fi bo bíìdì. A ó da omi ẹ̀jẹ̀ sí i. Àńtíbọ́dì tó bá mọ èròjà yẹn á so mọ́ ọn. A ó gbé mágnẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ ìgò, bíìdì á dúró síbẹ̀, a ó da ìyókù nù: ọ̀rá, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀, purotéènì mìíràn tó ń dí wa lọ́wọ́. A ó fọ̀ ọ́, a ó tún fọ̀ ọ́, ohun tó bá kù la ó bi ní ìbéèrè. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fi ẹ̀jẹ̀ pòòyì nínú ìfọ̀ yìí, kò sí jẹnẹrétọ̀ tí a fẹ́ tan nítorí rẹ̀. Mágnẹ́ẹ̀tì ò jẹ díésù.

Ó ti di àyẹ̀wò tífọ́ọ̀dù níbòmíràn. Ní 1998, Pak-Leong Lim ní Hong Kong pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde lórí èyí tí a wá mọ̀ sí TUBEX, tí ilé iṣẹ́ kan ní Sweden sì ń ṣe tà. Ìgò kékeré tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣóńṣó ni wọ́n ń lò. Bíìdì òòfà tí wọ́n fi aṣọ ara bakitéríà tífọ́ọ̀dù bò ni àkọ́kọ́, àwọ̀ ilẹ̀ ni. Bíìdì búlúù ni èkejì, kò ní òòfà, àńtíbọ́dì tó mọ O9 nìkan ló wà lára rẹ̀. Ṣúgà kan tó ṣọ̀wọ́n, tyvelose, ló fún O9 yìí ní ìrísí tirẹ̀. Bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, búlúù á di òòfà mú. Bí omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá ní àńtíbọ́dì O9 nínú, òun ni yóò ti gba àyè, búlúù ò ní rí ibi dì mú. Ẹ gbé ìgò náà sórí pákó òòfà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Òòfà á fa ohun tó jẹ́ tirẹ̀ sísàlẹ̀. Bí omi òkè bá pupa, búlúù ti bá òòfà lọ, kò sí àńtíbọ́dì. Bí omi òkè bá wà ní búlúù, ó wà. Ẹ ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ àwọ̀ tí wọ́n fi nọ́ńbà sí láti 0 dé 10: 2 sísàlẹ̀ kò sí, 3 kò dájú, 4 sókè ó wà. Ẹni tó lọ gbé fóònù á padà wá bá a níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tó yàtọ̀. O12 tó ń dà wá rú ti jáde nínú ọ̀rọ̀, torí pé O9 nìkan ni búlúù mọ̀. Wóró-wóró ti jáde. Nọ́ńbà tí a lè fi wé ti láàbù mìíràn ló kù.

Mi ò polówó ọjà fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n sọ àléébù rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu kan náà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti bàjẹ́ nínú ìgò, tí omi rẹ̀ pupa, àwọ̀ á dà á rú. Ojú ẹni tó ti pọ́n, tí omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà bí epo, bákan náà. Paratífọ́ọ̀dù A, ìbátan tífọ́ọ̀dù, ò ní O9, TUBEX ò lè rí i. Salmonella Enteritidis ní O9, TUBEX lè pè é ní tífọ́ọ̀dù. Nígbà tí àjọ Cochrane kó ìwádìí jọ lórí irú àyẹ̀wò báyìí ní 2017, wọ́n rí i pé nínú 100 ẹni tó ní tífọ́ọ̀dù, TUBEX ń mú nǹkan bí 78. Nínú 100 ẹni tí kò ní in, ó ń dá nǹkan bí 87 sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jókòó ti nọ́ńbà yìí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń tajà kì í fẹ́ dé. Ká sọ pé 100 èèyàn tí ara wọn ń gbóná wá sí láàbù kan ní Lugbe, ká sì sọ pé mẹ́wàá péré nínú wọn ló ní tífọ́ọ̀dù. TUBEX á mú bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá yẹn. Nínú 90 tó kù, á tún pe bí méjìlá ní tífọ́ọ̀dù tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ogún èèyàn gba ìwé pé ó wà, ó ju ìdajì wọn lọ tí kò ní in. Òòfà ò ṣẹ̀ o. Àńtíbọ́dì ni àńtíbọ́dì, òòfà ò lè sọ ọ́ di bakitéríà. Ohun tí èyí ń sọ fún mi ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí orí ń fọ́ ló yẹ ká ṣe é fún. Ẹni tí àyẹ̀wò ibà rẹ̀ kò fi nǹkan hàn, tí ara rẹ̀ ti ń gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta sókè, inú irú wọn la ti máa rí mẹ́wàá yẹn di ogójì, nọ́ńbà á sì yí padà sí rere. Ìlànà bẹ́ẹ̀, ẹnu yín ló ti lè jáde kí láàbù àti dókítà tó gbà á.

Nígbà náà, kí ló dé tí mo tún ń tẹnu mọ́ òòfà? Nítorí pé àṣìṣe rẹ̀ ṣe é kà. Mo mọ iye tó ń tàsé, mo lè bá dókítà sọ ọ́. Widal orí táìlì, àṣìṣe rẹ̀ yí padà láti ọwọ́ sí ọwọ́, láti fíríìjì sí fíríìjì. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín iye tí ṣọ́ọ̀bù kan ní Nyanya ń tàsé lọ́sẹ̀ yìí.

Ìdí kejì sì nìyí. Òòfà lè ṣe ohun tí táìlì ò lè ṣe láéláé, ìyẹn ni kó lọ mú bakitéríà fúnra rẹ̀ wá. Nínú mílílítà kan ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní tífọ́ọ̀dù, bakitéríà tó wà níbẹ̀ kì í sábà ju ẹyọ kan lọ, ó tiẹ̀ lè má pé ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí gbígbin ẹ̀jẹ̀ fi ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, tó ń gba ọjọ́ mélòó kan, tí kò sì ń rí ju nǹkan bí 60 nínú 100 lọ, pàápàá bí aláìsàn bá ti gbé oògùn mì kó tó dé. Ẹ fi àńtíbọ́dì bo bíìdì, ẹ dà á sínú ẹ̀jẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kó wá ẹyọ kan yẹn kiri, kí òòfà wá fà á jáde. Àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò ti ń fi ọgbọ́n yìí mú Salmonella àti E. coli O157 láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ ló ṣì le, torí pé ẹyọ kan láàárín omi tó nípọn báyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn ọmọ wa ní yunifásítì ló yẹ kó máa ṣe irú iṣẹ́ yìí láti fi gba oyè, dípò kí gbogbo wọn máa ka iye ẹni tí Widal wọn dì.

Ọgbọ́n mìíràn wà tí mo fẹ́ràn. Ní 1973, Göran Kronvall fi hàn pé òkú Staphylococcus lè gbé àńtíbọ́dì dúró fún wa, torí purotéènì A tó wà lára rẹ̀ máa ń di ìdí àńtíbọ́dì mú, á sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọ síta láti mú nǹkan. Bakitéríà di ohun èlò, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Bí a bá fi hóró irin bo ara òkú Staph bẹ́ẹ̀, òun náà di ohun tí òòfà ń fà. Àfi bí ẹni pé ìṣẹ̀dá ti ronú rẹ̀ ṣáájú wa: ní 1975, Richard Blakemore tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn bakitéríà kan tó ń gbé inú ẹrẹ̀ ní hóró òòfà tiwọn nínú, òun ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Tadashi Matsunaga àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tokyo ti yọ hóró yẹn jáde, wọ́n so àńtíbọ́dì mọ́ ọn, wọ́n sì fi ṣe àyẹ̀wò.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé nǹkan òyìnbó ni, pé kò lè ṣiṣẹ́ níbí, kó lọ wo láàbù àwọn ilé ìwòsàn ńlá ìlú yìí. Ẹ̀rọ Cobas ti Roche àti Architect ti Abbott tí wọ́n fi ń yẹ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ àti HIV wò, bíìdì òòfà ló wà nínú rìéjẹ́ǹtì wọn. Olówó ti ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ọmọ Nyanya ni táìlì kù fún.

Ṣíṣe hóró irin yẹn ò tiẹ̀ jìnnà sí wa. Láti 1981 tí René Massart ti kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sílẹ̀, iyọ̀ irin oríṣi méjì àti amóníà ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ẹ pò wọ́n pọ̀, omi á dúdú lójú ẹsẹ̀, mágnẹ́ẹ̀tì á sì máa fà á. Ilé ìwádìí NARICT wà ní Zaria fún iṣẹ́ kẹ́míkà. Ilé ìwádìí ìṣègùn ẹran wà ní Vom láti 1924, pípa bakitéríà láti fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í ṣe àjèjì sí wọn. Irin wà ní Itakpe, ní ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn Okun, a sì mọ bí ìyẹn ṣe ń lọ, ẹ jẹ́ ká má bá a débẹ̀. Ohun tó ṣòro ni mímú kí ìgò tòní àti ìgò oṣù tó ń bọ̀ rí bákan náà, ẹ̀yin lẹ sì ni òṣùwọ̀n tí wọ́n á fi wò ó.

Àwọn ọ̀gá mi tó ní láàbù àdáni á ní mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Mo mọ̀ pé Widal ló ń san rẹ́ǹtì ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ lèmi náà ti ń jẹun. Àyẹ̀wò òòfà wọ́n jù ú lọ, kí n má purọ́. Ẹ gba ìwé inú ọ̀rá dúdú ìyá ẹlẹ́wà yẹn, ẹ ro owó àyẹ̀wò inú rẹ̀, ẹ fi ti abẹ́rẹ́ àti síípírò lé e, ẹ wá sọ fún mi èyí tó wọ́n.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Abuja wà níbẹ̀, Kano wà níbẹ̀, Ilorin wà níbẹ̀. Kí wọ́n tọ́jú omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀, kí ẹ fi Widal orí táìlì, Widal inú ìgò àti àyẹ̀wò òòfà yẹ ẹ̀jẹ̀ kan náà wò, kí ẹni tó ń kà á má mọ èsì ìyókù. Kí ẹ fi ti àwọn tí ara wọn dá kún un, àti ti àwọn tí ibà lásán ń ṣe, kí a lè mọ iye tí ẹ̀jẹ̀ ará Abuja tí kò ní tífọ́ọ̀dù máa ń dì dé. Láìsí ìyẹn, 1/160 ò ní ìtumọ̀ níbí. Kí ẹ tẹ èsì rẹ̀ jáde ní gbangba, bó bá tiẹ̀ já òòfà kulẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, ẹ kọ̀wé sí gbogbo láàbù pé ohun tí wọ́n rí ni kí wọ́n kọ, ìyẹn iye àńtíbọ́dì, kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ "tífọ́ọ̀dù wà" kúrò lórí ìwé. Ẹ sì máa fi omi ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀yin nìkan mọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa láti yẹ̀ wò, láàbù àdúgbò náà, kì í ṣe ti ìjọba nìkan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ìyá ẹlẹ́wà ti yọ̀ǹda kí n ya àwọn ìwé inú ọ̀rá rẹ̀. Mo ti pa orúkọ rẹ̀ àti orúkọ àwọn láàbù náà rẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi sí ọ́fíìsì yín. Bí kò bá tíì dé orí tábìlì Ọ̀gá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn tó ń gba lẹ́tà nísàlẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ láàbù kan ní Kubwa, Abuja.